Àmì Oúnjẹ Àwọn Tó Ti Lọ

Ọwọ́ rẹ̀ máa ń wọ inú àpótí náà dé ìgunpá kó tó tú ìka. Àwọn ọmọbìnrin yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ju tiwọn sí i, á dún gbàn-ín, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Morsheda a máa fi ìka méjì mú páànù kékeré roboto náà, á sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ìdí àpótí, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni yóò tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ti Shrabonti tẹ̀ lé e, ti Lutfa, ti Koli, lẹ́yìn wọn ti àwọn ọmọ yàrá tó kángun sí tiwọn. Kò sí ọ̀kankan tó dún.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán ní mọ́ṣáláṣí inú ọgbà. Ilé oúnjẹ ṣófo. Fáànù kan ṣoṣo ló ń yí lókè, ó ń yí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú hósítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin yẹn nìyí: ẹni tó bá fẹ́ jẹun lọ́la á fi àmì rẹ̀, páànù roboto yẹn, sínú àpótí nírọ̀lẹ́ òní. Nọ́ńbà yàrá àti ti bẹ́ẹ̀dì wà lára àmì náà. Láàárọ̀, obìnrin tó ń dáná á da àpótí dà sórí tábìlì, iye àmì tó bá rí ni iye àwo tó máa bù, kálukú á sì gba àmì rẹ̀ padà pẹ̀lú oúnjẹ. Wọ́n ti san owó oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, nítorí náà kò sí olè jíjà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí àmì bá kéré ju mẹ́wàá lọ, wọ́n á pa iná ààrò. Bí wọ́n bá pa iná ààrò, wọ́n á ti hósítẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ títí ìsinmi yóò fi parí. Kò sẹ́ni tó kọ òfin náà sára ògiri. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó kù nínú ilé náà kò tó mẹ́wàá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Morsheda. Jọ́gíráfì ló ń kọ́, ó sì ti parí ọdún kẹta. Ó ga, ó sì máa ń tẹ orí ba lẹ́nu ọ̀nà tí kò yẹ kó tẹ orí fún. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ọwọ́ ló ń nà, kì í fọhùn. Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà òtútù, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ náà dé àárín. Ó lọ sílé, wọ́n sin ìyá, ó padà wá kọ ìdánwò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ṣe ọkàn akin.

Nígbà tí ìyá yẹn wà láyé, lọ́dọọdún, bí máńgòrò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, á pè é lórí fóònù. Kì í kí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Wọ́n ti ń já o. Ta ló máa bá mi jẹ ẹ́?” Ìyẹn ni pé kó máa bọ̀. Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, kò gbé àpò rẹ̀ rí láì kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mizan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ilé báyìí, òun àti Shahana ìyàwó rẹ̀. Mizan kì í ṣe èèyàn burúkú. Aránṣọ ni nínú ọjà abúlé wọn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ wọn, obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kì í dédé yọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń wá mú un lásìkò máńgòrò. Èyí tí wọn kò wá mú, ó mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Morsheda kò lọ sílé ọkọ kankan. Síbẹ̀ ó ń retí. Kí Mizan ṣáà pè, kó ní kó máa bọ̀. Bí wọ́n bá ti hósítẹ́ẹ̀lì pa kí ìpè náà tó dé, á jẹ́ pé òun ló gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé onílé.

Ọjọ́ tí ìdánwò parí, ariwo àpótí irin gba gbogbo àtẹ̀gùn. Wọ́n ń wọ́ wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń pe oníkẹ̀kẹ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n ń ya fọ́tò lábẹ́ igi olódòdó pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní yàrá wọn, Lutfa jókòó lé orí àpótí rẹ̀ kó lè pa dé.

“Ìwọ, ṣé o fẹ́ fẹ́ ilé yìí ni?” ó bi Morsheda. “Èèyàn ń sá fún ooru, ìwọ ń tẹ́ ẹní dè é.”

“Mo ṣì ní iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí.”

“Iṣẹ́ wo? Máàpù wo ló kù tí o ò tíì yà? Odò gbogbo ayé ti tán lọ́wọ́ ẹ.”

“Fi í sílẹ̀ jàre,” ni Koli wí. “Ó ní ẹni tó ń rí ní ilé ìkàwé.”

“Ta ni? Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń sùn sórí ìwé atúmọ̀ èdè yẹn?”

“Òun náà ni. Ó ti fi itọ́ ẹnu sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Morsheda náà rẹ́rìn-ín, ó bá Lutfa tẹ ìdérí àpótí mọ́lẹ̀.

Shrabonti ló jáde kẹ́yìn. Ọmọ Híńdù ni, ó kéré, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó kó àmì tirẹ̀ àti ti àwọn yòókù, títí kan ti yàrá kejì, lé Morsheda lọ́wọ́.

“Bá wa dá a padà fún Khala. Sọ fún un pé kó má fi ti èmi fún ẹlòmíràn.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pè?”

“Ó máa pè.”

Shrabonti wò ó. Ó yọ máńgòrò méjì nínú àpò ara rẹ̀, ó gbé wọn sí ojú fèrèsé, ó sì lọ.

Ní èdè wọn, àbúrò ìyá ni Khala. Gbogbo wọn ló ń pe Anowara tó ń dáná bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ wọn. Ó sanra, eékún ń dùn ún, kì í gun àtẹ̀gùn. Bí ó bá fẹ́ bá ẹnìkan lókè wí, ìsàlẹ̀ ló ti ń kígbe. Shrabonti ló fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kọkànlá òṣùpá, ọmọ náà kì í fẹnu kan ìrẹsì, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn ni, kì í sì í fi àmì sínú àpótí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Khala á gé èso fún un sínú àwo, á ní, “Ẹ wo ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àwọn tó ń jẹun kì í fún mi níṣẹ́ tó báyìí.”

Morsheda kò dá àmì náà padà. Kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló dé ibi àpótí, tó gbọ́ tí Khala ń sọ fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì pé, “Lọ́la tàbí ọ̀túnla, a máa pa iná yìí.” Àwọn àmì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpótí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé oúnjẹ lọ sókè. “Wọ́n ń kàwé,” ni yóò sọ, á to àwo sórí àtẹ: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ṣàn bí omi, pòtétò tí wọ́n fi ata àti òróró músítáàdì gún, nígbà míràn ẹja kékeré. Khala á ní, “Ìdánwò wo ni wọ́n ń kà fún lẹ́yìn ìdánwò?” Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti mọ̀ pé ìwà wọn kò ní ìdí. Á bù ú. Morsheda á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, á jẹ àwo kan. Ó ń jẹ ẹ́ tán, kódà nígbà tí ebi kò pa á. Bí ilẹ̀ bá ṣú díẹ̀, á gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ da ìyókù fún àwọn ológbò.

Ó gbé fóònù sí ojú fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò Shrabonti. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó sáré dìde, ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wọ ẹnu ọ̀nà. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ fóònù ni, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ ra orin. Morsheda gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Àwọn tó kù ń lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ dì í, ó gbé e sábẹ́ apá, ó lọ. Àwọn méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ pẹ̀lú bàbá wọn. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí fáànù dúró, èèyàn lè gbọ́ tí máńgòrò ń já nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé. Gbì. Á pẹ́. Gbì. Morsheda á sùn sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ nítorí pé ó tutù, á fi etí lé e. Máńgòrò ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú dúdú. Kò jẹ wọ́n.

Ibẹ̀ ló sùn sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ náà á gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, á dúró, á mí, á tún gùn ún.

“Shrabonti.” Ohùn Khala ni, kò sì pariwo. “Shrabonti, ọmọ mi, ṣé ara ò yá ni?”

Morsheda dìde jókòó. Kò sáré ti ilẹ̀kùn. Kò sí ohun tó lè ṣe mọ́.

Khala yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ kan lára ògiri, àwo èso lọ́wọ́ kejì: máńgòrò tí wọ́n gé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tí wọ́n ti ká mátírẹ́ẹ̀sì wọn, tí wọ́n fi okùn dì wọ́n, tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wọn wà ní kíká lókè. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Wọ́n dà?”

Morsheda wo àwo èso náà.

“Ọjọ́ kọkànlá òṣùpá lòní. Mo da àpótí láàárọ̀, mo rí àmì rẹ̀, àyà mi já. Mo ní kí ló ṣe ọmọ yìí tó fẹ́ jẹ ìrẹsì lónìí? Ṣé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí àìsàn ló kọlù ú tí kò mọ ọjọ́ mọ́? Mo se é, mi ò lè bù ú. Eékún yìí tí kò gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, òun ló gbé mi gun òkè yìí.”

“Ó ti lọ, Khala.”

“Nígbà wo?”

“Ọjọ́ tí ìdánwò parí.”

“Lutfa ńkọ́?”

“Ó ti lọ.”

“Onírun gígùn yẹn ńkọ́?”

“Koli náà ti lọ.”

Khala jókòó sórí irin bẹ́ẹ̀dì Shrabonti. Irin náà ké. Ó gbé àwo lé itan.

“Ta ló wá ń jẹ gbogbo ohun tí mò ń bù?”

“Àwọn ológbò.”

“Àwọn ológbò.” Ó mi orí. “Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń rìn bí ìyàwó ọ̀gá yunifásítì. Mo lé ọ̀kan lánàá, ó bojú wẹ̀yìn wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.” Ẹ̀rín fẹ́ wá, kò wá tán. “Kí lo ń ṣe níbí, ọmọ yìí? Má sọ yàrá ìwádìí fún mi. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti wá dágbére fún mi.”

“Mò ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi pè mí.”

“Kó pè ẹ́ ṣe kí ni?”

“Kó ní kí n máa bọ̀ nílé.”

Khala wò ó. Ó wo máńgòrò méjì tó wà lójú fèrèsé, tí ara wọn ti ń hunjọ.

“Ìyá ẹ ló máa ń pè tẹ́lẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé ìwọ ti pè é, ẹ̀gbọ́n ẹ yìí?”

“Rárá. Bí mo bá pè é, kì í ṣe òun ló pè mí mọ́ nìyẹn.”

Nínú ọgbà nísàlẹ̀, máńgòrò kan já. Khala na àwo sí i.

“Jẹ ẹ́. Mo ti gé e, n kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀.”

Morsheda mú ẹyọ kan. Khala náà mú ẹyọ kan. Wọ́n jẹ ẹ́, omi rẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ńtì.

“Ọmọ mi ọkùnrin kì í pè mí,” ni Khala sọ nígbà tó yá. “Mo kàn ń dé bá wọn ni. Bí mo bá dé, ìyàwó rẹ̀ á kọ́kọ́ wo àpò mi bóyá ó tóbi.” Ó nu ọwọ́ sí etí aṣọ rẹ̀. “Àpò kékeré ni mo máa ń gbé.”

Ó dìde, ó di ògiri mú.

“Lọ́la, mi ò ní dáná. Mi ò ní rojọ́ ẹ fún Màdáàmù tó ń bójú tó hósítẹ́ẹ̀lì, àmọ́ mi ò ní dáná. Èèyàn ni mo gbà láti máa bọ́, n kì í bọ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí èéfín. Morsheda kò mọ̀ rí pé ariwo ìkòkò Khala ló máa ń jí òun. Ìdákẹ́jẹ́ ló jí i. Ó wẹ̀, ó di irun, ó dúró lójú fèrèsé, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Morsheda.” Ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. “Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni. Ìdánwò ti parí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

Ẹ̀rọ náà dúró. “Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?”

“Mo rò pé ẹ máa pè mí ni.”

“Kí n pè ẹ́ ṣe kí ni?” Ohùn rẹ̀ há, Morsheda sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ bí ó ṣe ń yọ wọ́n. Nígbà tó tún fọhùn, ọ̀rọ̀ náà já gaara. “Ta ló ń pe ọmọ wá sílé bàbá ẹ̀? Ṣé kí n tẹ ìwé ìpè ni, kí n fi òdòdó sí etí rẹ̀? Àlejò ni wọ́n ń pè, Morsheda.”

Morsheda fi ọwọ́ di irin fèrèsé mú. Irin náà ti ń gbóná. Kò mọ̀ pé òun ti ń rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa. Mo máa wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán.”

“Máa bọ̀. Àlùbọ́sà wà ní yàrá ẹ o, Shahana ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. A máa tì í sápá kan.”

“Kò burú.”

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mizan fi ọwọ́ bo fóònù. Morsheda ń wo ìsàlẹ̀, ológbò kan jókòó sí ibi tó ti máa ń da oúnjẹ sí, ó ń dúró.

“Morsheda?”

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Ọjọ́ mélòó lo máa lò?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

“Mi ò tíì mọ̀,” ó ní.

“Ó dáa. Kí Shahana kàn lè mọ̀ ni.”

Àpótí irin rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti kó gbogbo aṣọ òtútù àti ìwé sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn yòókù ti ń kó tiwọn. Ó fà á jáde. Ó wò ó. Ó ṣí i, ó mú aṣọ méjì, ó sì tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpò kékeré tó fi ń lọ sí kíláàsì ló kó aṣọ náà sí. Ó ká mátírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, ó dì í lókùn bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù, ó sì mú máńgòrò ojú fèrèsé dání.

Khala wà ní ilé oúnjẹ, ó ń dojú ìkòkò ńláńlá délẹ̀ lẹ́yìn tó fọ̀ wọ́n. Ó ti da àwọn àmì àná sórí tábìlì, bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n ṣì máa wá mú wọn. Morsheda kó gbogbo àmì náà jọ, ó na ọwọ́ sókè àpótí, ó sì tú ìka. Wọ́n dún lórí ara wọn, ariwo náà lọ dé ògiri ìkẹyìn, ó sì padà wá.

Khala kò gbé orí sókè.

“Wọ́n pé?”

“Wọ́n pé, Khala.”

“Tìrẹ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ó ti pè ẹ́?”

“Èmi ni mo pè é.”

Khala da omi ìkòkò tó kẹ́yìn nù. Ó wo àpò tó wà léjìká Morsheda, ojú rẹ̀ pẹ́ lára àpò náà.

“Kí Ọlọ́run sìn ẹ́ débẹ̀,” ó ní. “Kí wọ́n fún ẹ ní máńgòrò tó pọ́n.”

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì ń fẹ́ tíì tó gbóná. Ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ńṣì rẹ̀ sẹ́yìn kí ọ̀nà lè gba Morsheda.

“Wọ́n ti wá mú ẹ ni?”

“Rárá, Baba.”

“Kí n pe oníkẹ̀kẹ́?”

“Mo máa rìn.”

Òdòdó pupa ti já bo gbogbo ọ̀nà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ti ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù tíì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ àwọn igi, ó ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó dé ibi tí ògiri ọgbà ti parí, ó dúró, ó gbé àpò kúrò ní èjìká kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń lọ.